Ohùn Ẹni Tí Kì Í Nawọ́

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dúró níwájú kíláàsì ní Amẹ́ríkà, mo béèrè ìbéèrè kan, kò sì sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Ìbéèrè náà kò le. Irú rẹ̀ ni mo ti ń bi àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní Òṣogbo láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn ọmọ òyìnbó wọ̀nyí kàn ń wò mí ni. Ọ̀kan gbé ẹsẹ̀ lé àga tó wà níwájú rẹ̀, òmíràn ń jẹ èso ápù, ó ń ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Mo tún un bi wọ́n. Ọmọbìnrin kan tó jókòó nítòsí fèrèsé wá wò mí tàánútàánú, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ wí?"

Gẹ̀ẹ́sì ni mo sọ. Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi gba ìwé ẹ̀rí, tí mo fi kọ́ni ní físíìsì, tí àwọn òbí fi ń dá mi dúró lọ́nà mọ́ṣáláṣí pé, "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o, a ń gbúròó yín." Mo gbé e wọ ọkọ̀ òfúrufú, àfi bí ẹni pé ó yọ́ dànù lójú ọ̀nà.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnu mi máa sọ mí di àlejò. Kùmásì ni wọ́n bí mi sí, níbi tí bàbá mi ti ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́. Mo ṣì kéré nígbà tí ìjọba Gánà ní kí àwọn àlejò máa lọ sílé wọn, tí a di ẹrù, tí a padà sí Ìlobùú, ìlú bàbá mi. Ní Kùmásì, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ fún wa pé a ní ilé níbì kan. Ìgbà tí mo wá dé ilé náà, tí mo lanu, èdè Twi yí mọ́ Yorùbá mi, àwọn ọmọ kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ Gánà ni wọ́n ń pè mí títí mo fi jáde ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí olùkọ́ bá béèrè ohun tí mo mọ̀, mo máa ń ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan mi, mo máa ń jókòó lé wọn, kí wọ́n má baà ṣèèṣì gòkè.

Ẹni tó bá ti ṣí kúrò níbi tó ń gbé rí nígbà tí kò rò ó, kì í yára tú ẹrù. Yàrá tí mo gbà ní Amẹ́ríkà, báàgì mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ìgbà pípẹ́, aṣọ mi ṣì wà nínú rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ wọ ọ̀kan, màá fà á yọ, màá tún fa síìpù rẹ̀ dé.

Iṣẹ́ tó gbé mi débẹ̀ ni iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ olùkọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni yóò kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní nínú gbọ̀ngàn ńlá, àwa tí a ń kàwé gíga ni yóò wá pín wọn sí kéékèèké láti tún un ṣàlàyé. Iṣẹ́ yẹn ló ń san owó ilé ẹ̀kọ́ mi. Bó bá bọ́, ìwé náà bọ́ nìyẹn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n fi mí sí lábẹ́ rẹ̀, obìnrin ni, orúkọ rẹ̀ ni Hẹ́lẹ̀n. Irun orí rẹ̀ ti funfun, ó ga, ó sì máa ń wọ bàtà ọkùnrin. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, eékún mi kanlẹ̀ kí n tó rántí ibi tí mo wà. Hẹ́lẹ̀n rò pé nǹkan mi ló jábọ́. Òun náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ wá ilẹ̀ kiri, ó ní, "Kí lo sọ nù? Ṣé yẹtí ni?"

Mo ní, "Rárá, Mà. Mò ń kí yín ni."

Ó jókòó sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dé ojú rẹ̀. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó kí mi báyìí rí. Ṣùgbọ́n Hẹ́lẹ̀n ni kí o máa pè mí." Mo ní mo gbọ́. N kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Títí di òní, bí mo bá rántí rẹ̀, Mà ni.

Kò pẹ́ tí olórí ẹ̀ka wa fi ránṣẹ́ pè mí. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kan ni, kò gbóhùn sókè. Ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ti wá ṣàròyé pé àwọn kì í gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Ó ní òun mọ̀ pé mo mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ kò bá yí padà kí sáà náà tó parí, àwọn yóò ní láti fi ẹlòmíràn rọ́pò mi. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Mo jáde síta. Yìnyín ń bọ́, funfun báláú, gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Mo dúró lábẹ́ igi tí kò léwé, n kò mọ ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀. Kò sí fóònù ní ilé wa ní Ìlobùú. Ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Òṣogbo ni fóònù wà, ìyá mi á wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀, á jókòó ti fóònù náà títí yóò fi dún. Ohùn wa máa ń padà bọ̀ sí wa létí bí ìgbà tí ènìyàn ń pariwo nínú kànga, kálukú á kọ́kọ́ dúró kí tirẹ̀ lọ tán.

"Ọmọ mi, ṣé òtútù ò pa ọ́? Ṣé o ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, Màámi. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń ta ìrẹsì."

"Àti iṣẹ́?"

"Iṣẹ́ ń lọ, Màámi."

Mo gbọ́ ohùn mi tó padà bọ̀: iṣẹ́ ń lọ, Màámi. Ìyá mi náà gbọ́ ọ. Ó ní, "Ohùn rẹ kò bá ohun tí o wí lọ. Àmọ́ Ọlọ́run ń bẹ. Má jẹ̀ẹ́ kí àyà rẹ já."

Ìyá mi mọ ohun tó ń sọ. Ọmọ Ìfọ́n ni, Ìlobùú ló wá lọ́kọ sí. Ìlú méjèèjì kò jìnnà síra, ẹni tó jí lọ sókè oko lè gbọ́ ìró ìkejì, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn ilẹ̀ ti wà láàárín wọn kí wọ́n tó bí i. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ń gbóná, tí wọ́n bá ń sọ ọ́ ní agboolé wa, ìyá mi á gbé iṣu tó ń bó kúrò láàárín wọn, á lọ máa bó o lẹ́yìnkùlé. Bó bá sì lọ sí Ìfọ́n, àwọn ẹbí tirẹ̀ á rọra yí ọ̀rọ̀ padà bó bá ti wọlé, nítorí ìyàwó Ìlobùú ti dé. Mo dàgbà tán kí n tó mọ̀ pé ìyá mi tí mo rò pé kì í fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ, ọ̀rọ̀ kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Ibi tí yóò sọ ọ́ sí ni kò sí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Hẹ́lẹ̀n ní kí n wá wo kíláàsì òun. N kò tíì wọ gbọ̀ngàn náà rí. Ó ga bí orí òkè, àwọn àga lọ sókè sókè dé ẹ̀yìn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ inú rẹ̀ sì pọ̀ ju gbogbo ọmọ tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́ni ní ilé lọ. Mo rí i pé lára àga kọ̀ọ̀kan, wọ́n so ohun kékeré kan mọ́ ọn, kò ju páálí ìṣáná lọ, bọ́tìnnì nọ́ńbà wà lójú rẹ̀. Wáyà gba abẹ́ àga lọ títí dé ibi tí kọ̀ǹpútà Hẹ́lẹ̀n wà níwájú. Òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ìsinmi ọdún kan dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ àga tí wọ́n fi fa wáyà náà.

Ó kọ́ wọn díẹ̀, ó wá gbé ìbéèrè sójú ògiri pẹ̀lú ìdáhùn tí wọ́n lè mú nínú rẹ̀. Ó ní, "Ta ló mọ̀ ọ́n?" Kò sẹ́ni tó nawọ́. Wọ́n ń wò ó bí wọ́n ṣe ń wò mí gẹ́lẹ́. Ara tù mí díẹ̀. Àṣé kì í ṣe èmi nìkan.

Ó wá ní, "Ó yá, ẹ tẹ̀ ẹ́."

Mo gbọ́ ìró kan tí n kò lè gbàgbé. Gbogbo ìka inú gbọ̀ngàn náà ń tẹ bọ́tìnnì, ó ń dún tàkì-tàkì-tàkì bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán sórí páànù. Lójú ògiri, àwọn òpó aláwọ̀ búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Òpó ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ń ga bí wọ́n ṣe ń mú un. Ìdáhùn tí kò tọ̀nà ló ga jù.

Hẹ́lẹ̀n kò bínú. Kò sọ èyí tó tọ̀nà fún wọn. Ó ní kí kálukú yí sí ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó ṣàlàyé ìdí tó fi mú ohun tó mú. Gbọ̀ngàn náà hó gèè. Àwọn tí ń tòògbé lẹ́ẹ̀kan ń nàka síra wọn. Ìgbà tí wọ́n tún un tẹ̀, àwọn òpó náà ti yí ipò padà. Èyí tó tọ̀nà ti gòkè, kò sì sí ẹni tó sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n fúnra wọn ló wá a rí.

N kò mọ ìgbà tí mo pàtẹ́wọ́. Èmi nìkan ló pàtẹ́wọ́ nínú gbọ̀ngàn náà.

Lẹ́yìn kíláàsì, Hẹ́lẹ̀n sọ fún mi pé, "Títí tí mo fi dàgbà sẹ́nu iṣẹ́ yìí, mo rò pé ohun tí mo bá ti sọ ti yé wọn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí àwọn òpó yẹn, mo lọ sílé, mo sunkún. Ṣùgbọ́n ó sàn kí n mọ̀." Ó wá wò mí. "Ìwọ ni yóò kọ́ wọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹ̀rọ yẹn bá wá fi han gbogbo ènìyàn pé wọn ò gbọ́ mi ńkọ́?"

Ó ní, "Nígbà náà, ìwọ náà á mọ̀."

Mo gbààwẹ̀ lọ́jọ́ tí mo máa kọ́ wọn. Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe rìn dé iwájú. Mo sọ fún wọn pé lọ́rí kan tó kó iṣu kún fọ́fọ́ ń bọ̀ láti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré kan ń bọ̀ láti Òṣogbo, wọ́n pàdé níbi tí ọ̀nà ti yí, wọ́n forí sọ ara wọn. Èwo ló gbá èkejì jù? Ṣé lọ́rí ni, ṣé ọkọ̀ kékeré ni, àbí bákan náà ni wọ́n gbá ara wọn?

Òjò kán sórí páànù. Òpó lọ́rí ga fíofío. Mo ní kí wọ́n yí sí ara wọn. Mo ń rìn láàárín wọn, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe lámèyítọ́ ọkọ̀ Ẹ̀rìn bí ẹni tó wọ̀ ọ́ rí. Ọmọkùnrin kan ní, "Ọkọ̀ kékeré ló máa rún!" Ọmọbìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní, "Kíkéré rẹ̀ ló jẹ́ kó rún. Ìyẹn ò ní kí wọ́n gbá a ju bí òun náà ṣe gbáni lọ." Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ dì mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n tún un tẹ̀, bákan náà, ìdáhùn tó tọ̀nà, ló borí.

Àyà mi wá kì. Ohun tí n kò sọ fún Hẹ́lẹ̀n pé mo máa ṣe, mo ṣe é. Mo kọ ọ́ sójú ògiri: Nígbà tí mò ń sọ̀rọ̀ lónìí, kìn-ín-ní, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀; èkejì, mo gbọ́ díẹ̀; ẹ̀kẹta, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní, "Kò sẹ́ni tó máa mọ ohun tí o tẹ̀. Sọ òótọ́ fún mi." Mo yí ẹ̀yìn mi sí ògiri kí n má baà rí i bó ṣe ń hù.

Ìgbà tí mo yíjú padà, òpó kìn-ín-ní ló ga jù. Èkejì tẹ̀ lé e, òun náà kò kéré. Ẹ̀kẹta wà níbẹ̀, kúkúrú, bí èèkàn ewúrẹ́.

Mo bi àwọn tó tẹ èkejì pé kí ló fà á. Ó yà mí lẹ́nu, ọwọ́ gòkè. Wọ́n ní mò ń yára jù. Wọ́n ní bí mo bá dé ibi ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì, kí n kọ ọ́ sí pátákó. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí mo ti rò pé àbùkù ni, tí mo rò pé ó wọ inú eegun mi, ṣọ́ọ̀kì díẹ̀ àti sùúrù díẹ̀ ni wọ́n ń tọrọ.

Olórí ẹ̀ka wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn, n kò mọ̀. Ó kí mi lójú ọ̀nà bó ṣe ń jáde, ó ní òun náà ti rò pé lọ́rí ni. Ọ̀rọ̀ pé wọn ó fi ẹlòmíràn rọ́pò mi kò tún wáyé mọ́. Ní gbogbo ìgbà tí Hẹ́lẹ̀n bá gbé gbọ̀ngàn náà lé mi lọ́wọ́ ní sáà yẹn, mo ń bi wọ́n bóyá wọ́n gbọ́ mi kí a tó tú ká, òpó kìn-ín-ní sì ń ga sí i. Àwọn kan wà ṣá tí wọn kò yéé tẹ ẹ̀kẹta. N kò mọ̀ wọ́n, n kò sì wá wọn. Àwọn náà lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Lọ́jọ́ tí mo dé láti gbọ̀ngàn yẹn, mo tú báàgì mi, mo fi aṣọ kọ́.

"Màámi, ẹ gbọ́ ohun tí mo rí," mo pariwo sínú fóònù lọ́jọ́ Àìkú. Mo ṣàlàyé ẹ̀rọ náà fún un.

"Ṣé ìdìbò ni?"

"Ó dà bí ìdìbò, Màámi, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń du ipò."

"Kò sì sẹ́ni tó ń jí àpótí gbé?"

A rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà lọ, ó padà bọ̀. Ó wá béèrè pé, "Olúwarẹ̀ lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kí ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ má mọ̀ pé òun ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

Ó ní, "Alihamudulilai. Ẹni tó ronú irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ó mọ ènìyàn."

Ọdún bíi mélòó kan kọjá kí n tó wálé. Àwọn ará ilé ní mo ti sanra, àwọn ọmọdé ń pè mí ní Àǹtí Amẹ́ríkà. Mo rẹ́rìn-ín nínú mi. Gánà ni mo jẹ́ níhìn-ín tẹ́lẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Áfíríkà ni mo jẹ́. Nísinsin yìí Amẹ́ríkà ni mo dà. Kò sì dùn mí mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ti rí i pé ibi tí wọ́n bá ti bi ọ́ léèrè ohun tó wà lọ́kàn rẹ, tí wọ́n sì dúró gbọ́ ọ, o ti ní àga níbẹ̀.

Àbúrò ìyá mi ọkùnrin ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìfọ́n. Bọ̀ọ̀dá Ọ̀gá ni gbogbo wa ń pè é. Nígbà tó gbọ́ pé mo dé, ó ní kí n wá bá òun kọ́ àwọn ọmọ tó ń ṣe lẹ́sìnnì ìsinmi. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ìfọ́n àti Ìlobùú rọlẹ̀ lásìkò náà, àwọn ọmọ Ìlobùú àti Ẹ̀rìn sì wà láàárín wọn.

Ó ní, "Wọ́n ní iná mànàmáná lo fi ń kọ́ wọn lọ́hùn-ún. Ibí ò níná o."

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, páálí tó."

Ó gbọnrí. "Àwọn ọmọ wọ̀nyí, bí o bá bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀, wíwò ni wọ́n á máa wò ọ́. Olódo ni púpọ̀ nínú wọn."

Èmi àti ìyá mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ń gé páálí mílíìkì, a ń kùn ún ní pupa, yẹ́lò, àwọ̀ ewé àti búlúù. Ọmọ kọ̀ọ̀kan gba mẹ́rin. Mo kọ́ wọn pé bí mo bá ti béèrè, kí wọ́n di ojú, kí wọ́n gbé àwọ̀ ìdáhùn wọn síwájú àyà. Ọ̀rọ̀ lọ́rí àti ọkọ̀ kékeré náà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Pupa, àwọ̀ tí mo fi fún lọ́rí, ló kún kíláàsì. Mo ní kí wọ́n yí sí ara wọn. Wọ́n kọ́kọ́ ń wo ẹnu ọ̀nà, wọ́n rò pé ìdẹkùn ni. Nígbà tó yá, ariwo náà le débi pé àwọn tó ń kọjá lọ́nà oko dúró. Àwọn ọmọ tí wọ́n ní olódo ni wọ́n.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn tí wọ́n ti mọ̀ mí dáadáa, mo kọ ìbéèrè kan tí kì í ṣe ti físíìsì sí pátákó. Kí ló ń jẹ́ kí o dákẹ́ bí olùkọ́ bá béèrè ọ̀rọ̀? Àwọ̀ ewé: n kì í mọ̀ ọ́n. Yẹ́lò: wọn á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Búlúù: n kì í dákẹ́. Pupa: bí n kò bá gbà á, wọn á nà mí.

Mo ní, "Ẹ di ojú. Ó yá."

Wọ́n dijú pinpin. Káàdì gòkè sí àyà wọn. Àwọ̀ ewé kò tó nǹkan. Yẹ́lò wà káàkiri. Ìyókù pupa ni, láti iwájú dé ẹ̀yìn, pupa fòò.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bọ̀ọ̀dá Ọ̀gá ló dúró síbẹ̀, pàṣán rẹ̀ wà lábíyá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó ka ohun tó wà lójú pátákó. Ó wá wo àwọn ọmọ náà, láti ìlà dé ìlà, àwọn ojú tó dì, àwọn páálí pupa. Èmi àti òun nìkan ló lajú nínú gbogbo ibẹ̀. Ó rọra fa pàṣán náà yọ lábíyá, ó mú un lọ sẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni pé àwọn ọmọ tó dijú lè rí i.

Nígbà tí mo ní kí wọ́n lajú, ó ti lọ.

Ní ọjọ́ kejì, a ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó wọlé. Àwọn ọmọ dìde láti kí i, ó ní kí wọ́n jókòó. Kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rìn lọ sẹ́yìn pátápátá, ó ní kí ọmọbìnrin kan sún fún òun lórí bẹ́ǹṣì, ó ká ẹsẹ̀ gígùn rẹ̀ kò, ó jókòó. Gbogbo kíláàsì ń wò mí.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Àmọ́ ẹ ò tíì fún mi ní káàdì tèmi."